Kí ni Kòrónà ṣe sí iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, kí sì ni ó yẹ kí á ṣe bí àjàkálẹ̀-àrùn mìíràn bá dé?

Abẹ_Onísùúrù (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́, gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Láti ìgbà tí Kòrónà ti rọlẹ̀, bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìbòmú, ọṣẹ, kónílé-ó-gbélé àti iye àwọn tí àrùn náà pa ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kòkòrò náà kò dé ara wọn rárá, síbẹ̀ tí ó ṣe wọ́n ní jàǹbá: àwọn tí ó yẹ kí á ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí a sì ní kí wọ́n padà sílé. Oníṣẹ́ abẹ ni mí ní Ìbàdàn níbí, mo sì ń rí lára wọn ní kílíníìkì títí di òní.

Kí n rán wa létí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀-àrùn. Kí oṣù náà tó parí, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti kéde pé òun ní in, ọ̀gá àgbà UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn níbí, náà sì ti kéde tirẹ̀. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa láti aago méje ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Láàárín àsìkò díẹ̀, tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí ó máa ń kún láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì di ibi tí a kì í ti í ṣe ju iṣẹ́ pàjáwìrì lọ: aboyún tí ọmọ kò lè gba ojú ara jáde, ìpá tí ó há tí ìfun inú rẹ̀ sì fẹ́ kú, ẹni tí ọkọ̀ gbá ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, apẹ́ńdíìsì tí ó fẹ́ bẹ́. Gbogbo ìyókù, láti orí gẹ̀gẹ̀ dé orí kókó inú ilé ọmọ, a sún un sí ẹ̀yìn. Káàkiri ayé ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. CovidSurg, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí nípa iṣẹ́ abẹ tí Yunifásítì Birmingham ń ṣe kòkárí rẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí nǹkan le jù, iṣẹ́ abẹ bíi mílíọ̀nù 28.4 ni wọn yóò wọ́gi lé tàbí tí wọn yóò sún síwájú.

Ẹ̀rù tí ó bà wá nígbà náà kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Ìwádìí ẹgbẹ́ yìí kan náà tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 wo aláìsàn 1,128 ní orílẹ̀-èdè 24, tí Kòrónà wà lára wọn ní àsìkò tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí oṣù kan tó pé, nǹkan bí ẹni 24 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú, ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró sì bá iye tí ó lé ní ìdajì wọn. Ta ni yóò rí irú èyí tí yóò tún máa gbé abẹ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀? Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a dá gbogbo iṣẹ́ tí kì í ṣe pàjáwìrì dúró pọ̀, láì ya ẹni tí ó lè dúró fún ọdún kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò lè dúró fún oṣù méjì. Bí òmíràn bá dé, mo gbà pé ó yẹ kí ìlú tí ó tóbi tó Ìbàdàn ti ní ilé ìwòsàn kan, tàbí apá kan nínú ilé ìwòsàn, tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ àwọn tí kò ní àrùn náà, kí iṣẹ́ má baà dáwọ́ dúró. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà (Ọjọ́ Ajé, 9:15 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo bá yín dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tí kò wọ tíátà rí mọ ohun tí iṣẹ́ pàjáwìrì kan ṣoṣo ń gbà lọ́wọ́ wa nígbà náà.

Àbájáde àyẹ̀wò máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ọmọ kò sì lè dúró nínú ìyá rẹ̀ de àbájáde, nítorí náà gbogbo ẹni tí ó bá dé ní pàjáwìrì ni a ń tọ́jú bí ẹni tí ó ní in. A ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ lè gbé ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yí gbogbo yàrá ká. Lẹ́yìn náà, a ó wọ ìbòmú N95, a ó fi ìbòmú mìíràn lé e, a ó de awò ojú, a ó fi ike abojú lé awò, a ó wọ épúrọ̀nù onírọ́bà sábẹ́ aṣọ tíátà, a ó sì wọ ìbọ̀wọ́ méjì méjì. Kí abẹ tó kan awọ, òógùn ti ń sàn lọ́rùn wa dé bàtà. Èémí ń bo awò ojú, ẹ kò sì lè fọwọ́ nù ún, nítorí ọwọ́ yín ti di ọwọ́ mímọ́. Plásítà ni a wá ń lẹ̀ mọ́ etí òkè ìbòmú kí èémí má baà gòkè.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ ohùn ara wa. Dókítà yóò béèrè àlùmọ́gàjí, èmi yóò gbọ́ ẹ̀mú. Nígbà tí ó yá, a fi ọwọ́ sọ̀rọ̀: ìka méjì tí ó là sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àlùmọ́gàjí, àtẹ́lẹwọ́ tí ó là sílẹ̀ ni ìgò ẹ̀jẹ̀. A fi bírò onílẹ́ẹ̀dì ńlá kọ orúkọ sí àyà ara wa, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ẹnì kejì mọ́ nínú aṣọ náà. Ìgbà tí ẹ bá sì parí, ewu tí ó pọ̀ jù ni ó kù, ìyẹn bíbọ́ aṣọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú yín kí ó máa kà á sókè: ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ òde, ẹ fọ ọwọ́, ẹ tú okùn ẹ̀yìn, ẹ má fọwọ́ kan iwájú. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ tí a máa ń ṣe kí wákàtí kan tó pé wá ń gba ìlọ́po méjì àsìkò náà.

N95 tí ó yẹ kí á lò lẹ́ẹ̀kan kí á sọ nù, a kọ orúkọ sí àpò bébà, a sì fi pamọ́ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó tún un lò. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo mọ̀, iye owó ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń kọ mọ́ owó tí ẹbí aláìsàn yóò san, ní àsìkò tí iye rẹ̀ lọ́jà ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Nínú ilé tí mò ń gbé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ mi má wá fa omi ní kànga mọ́. Ẹni tí ó bá ní kí iṣẹ́ má dáwọ́ dúró, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò ṣe é àti ohun tí ẹni náà yóò wọ̀.

Akunilóorun (Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ará mi, èmi ni mo máa ń kun aláìsàn lóorun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìgbà tí abẹ bá la ara ni ewu àrùn yìí pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá ń ti ọ̀pá èémí bọ inú ọ̀fun ni, nítorí pé ojú mi yóò wà ní òkè ẹnu aláìsàn gan-an, ìkùukùu inú ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò sì máa jáde bọ̀. Nígbà Kòrónà, a máa ń ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ síta, kí ó ku èmi àti olùrànlọ́wọ́ kan, a ó sì dúró kí afẹ́fẹ́ yàrá pàrọ̀ kí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó wọlé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ imú, etí àti ọ̀fun wà nínú ewu kan náà, nítorí ibi tí kòkòrò náà ń gbé ni wọ́n ń fi ọwọ́ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amged El-Hawrani tí ó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yẹn àti Adil El Tayar tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ìpàrọ̀ ẹ̀yà ara wà lára àwọn dókítà tí ó kọ́kọ́ kú ní oṣù kẹta ọdún 2020. Dókítà ojú ni Li Wenliang tí ó kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wuhan kí àrùn náà tó pa òun alára.

Ohun tí ó gbà wá ní Ìbàdàn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ìpá, iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́, àti púpọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ kókó ìtọ̀ ni a lè ṣe nígbà tí aláìsàn wà lójúfò, tí ara rẹ̀ láti ìdodo dé ìsàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan, tí òun fúnra rẹ̀ sì wọ ìbòmú. Èyí fara mọ́ àbá Dókítà Abẹ_Onísùúrù, nítorí ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ púpọ̀ lè máa lọ láì fi ọ̀pá sí ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ta kò ó ni ọ́síjìn. Sílíńdà kan náà tí wọ́ọ̀dù Kòrónà ń wá ni tíátà ń wá. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ọ́síjìn tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé òun yóò ṣe méjèèjì pọ̀.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ láti ẹnu ẹni tí wọ́n sún síwájú.

Kókó kan wà nínú ọyàn màmá mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, àbájáde rẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ. Wọ́n dá oṣù kẹrin fún un pé kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó kù díẹ̀, wọ́n pè wá pé kí a dúró sílé, wọn yóò pè wá padà. A kò bínú, nítorí gbogbo ayé ni ó dúró sílé. Ọkọ̀ tí ó ń ti Ìṣẹ́yìn wá kò gbà ju èrò díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ti ga. Màmá mi sọ pé bóyá Ọlọ́run ni ó ní kí wọ́n má fi abẹ kan òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo. Mo máa ń béèrè pé ṣé ó ń tóbi, yóò sì fi ìró bo àyà rẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí mo fi rí i fúnra mi, awọ orí rẹ̀ ti pọ́n, ó ti fẹ́ dá egbò. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní kò ṣeé gé lójú ẹsẹ̀ mọ́, òògùn ni ó máa kọ́kọ́ gbà kí ó lè sún kì. Ọdún 2022 ni ó fi wá sílẹ̀. Kòrónà kò ṣe màmá mi lọ́jọ́ kan.

Mo mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí ó pè wá padà.

Abẹ_Onísùúrù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn, ẹ kú àmójúkúrò o. Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ níbí.

Ohun tí ẹ sọ bá ohun tí ìwádìí rí mu. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ irú jẹjẹrẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tí iṣẹ́ abẹ bá fi pẹ́ ń fi ìwọ̀n mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ikú. Ní ọdún 2021, CovidSurg wo aláìsàn jẹjẹrẹ 20,006 ní orílẹ̀-èdè 61, wọ́n sì rí i pé níbi tí ìsémọ́lé bá ti le pátápátá, ẹnì kan nínú méje ni kò rí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣètò fún un ṣe.

Ohun tí ó mú mi dá àbá ilé ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ ni ìwádìí mìíràn ti ọdún 2020, lórí aláìsàn jẹjẹrẹ 9,171 ní orílẹ̀-èdè 55. Níbi tí wọ́n ti ya tíátà, wọ́ọ̀dù àti ibi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ní Kòrónà, ẹni 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Níbi tí wọn kò ti yà á sọ́tọ̀, ó jẹ́ 4.9. Nọ́ọ̀sì_Tíátà, mo gbọ́ yín yékéyéké: kò sí ìyàsọ́tọ̀ bí nọ́ọ̀sì kan náà bá ń ti wọ́ọ̀dù Kòrónà bọ́ sí tíátà lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí àìtó òṣìṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Abẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ kún un. Rẹ́sídẹ́ǹtì ni mí nígbà náà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ abẹ láì dúró ti ẹni tí ó ń ṣe é, kí ó kọ́kọ́ máa di awọ mú, kí ó máa so okùn, kí ó máa rán awọ, títí wọn yóò fi gbé abẹ lé e lọ́wọ́ tí ọ̀gá yóò sì dúró tì í. Ìpá, kókó abẹ́ awọ àti gẹ̀gẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sún síwájú, ni a fi ń kọ́ ọwọ́. Èyí tí ó kù sì ni pàjáwìrì tí ó le, èyí tí ọ̀gá ń fẹ́ parí kíákíá, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo, kí àwọn tí ó wà nínú yàrá má baà pọ̀. Ìwé tí a ń kọ iye iṣẹ́ abẹ tí a ti ṣe sí dúró sójú kan. Wọ́n sún ìdánwò síwájú. Àwọn kan nínú wa ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀.

Awọ màlúù tí mo rà ní ọjà Bódìjà ni mò ń rán lórí tábìlì ìyàrá mi lálẹ́, pẹ̀lú okùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Ó ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n awọ màlúù kì í ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ìpàdé orí Zoom tí wọ́n ń fi kọ́ wa dára, wọ́n sì wúlò títí di òní, torí pé mo jókòó sí Ìbàdàn tí mo ń gbọ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ tí ó wà ní ìlú òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ owó kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Náírà 5,000 lóṣù ni owó ewu iṣẹ́ tí dókítà ń gbà nígbà tí àrùn náà dé. Ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020 lórí owó yìí, lórí ohun èlò ìdáàbòbò àti àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn. Wọ́n tún gùn lé òmíràn ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 tí ó wọ oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni jápa wá. Bí ẹ bá ń ṣètò tíátà ìyàsọ́tọ̀, ẹ ka iye ọwọ́ tí ó kù sí ìlú.

Àgbà_Òkè-Àdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ó ṣáájú èyí. Ìgbà kan wà tí ìbọ̀wọ́ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, a ó sá a, a ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti lu, a ó wọ́n pọ́dà sí i, a ó sì tún un sè. Ọdún 1986 ni wọ́n kéde àwọn tí ó kọ́kọ́ ní àrùn Éèdì ní Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú tíátà wa, tí ìbọ̀wọ́ tí a fọ̀ sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Àṣà lílo ìbọ̀wọ́ tuntun wá fìdí múlẹ̀. Ní ti Ebola, ẹ rántí ọdún 2014: ogún ènìyàn ni ó mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Ọpọ́n omi àti ọṣẹ gba ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí Kòrónà fi máa dé, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti kó tirẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rù, ẹ̀rọ omi ibẹ̀ kò sì yọ omi mọ́. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá, lójú tèmi, ni pé wọ́n kọ ti ìbọ̀wọ́ sínú ètò ìnáwó ọdọọdún, wọn kò sì kọ ti omi síbẹ̀.

Abẹ_Onísùúrù, àbá rẹ dára. Ìbéèrè mi ni pé ta ni yóò jókòó tí yóò sọ pé jẹjẹrẹ ti lágbájá ṣáájú ti làkásègbè? Oníṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ni yóò jà fún aláìsàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó jà. Ẹ yan ìgbìmọ̀ tí oníṣẹ́ abẹ, akunilóorun àti nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara tù wá, àìsàn tí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó, kí a má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ̀rù bá ti gba ọkàn gbogbo ènìyàn.

Aládàáni_Challenge (Ọjọ́ Rú, 7:10 àárọ̀)

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ni mo ní. Ọ̀dọ̀ irú wa ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dá padà ní ilé ìwòsàn ńlá wá, kò sì sí ohun tí a fi lè mọ ẹni tí ó ní Kòrónà. Ara gbígbóná ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ ní ẹnu géètì káàkiri ìlú. Ní Ìbàdàn, ní àsìkò òjò! Ibà ń mú ara gbóná, taifọ́ọ̀dù ń mú un gbóná, apẹ́ńdíìsì tí ó fẹ́ bẹ́ náà ń mú un gbóná. Mo gba ọmọdékùnrin kan wọlé tí wọ́n ti dá padà ní ẹnu géètì méjì nítorí pé ara rẹ̀ gbóná, ikùn rẹ̀ sì ti le bí pákó nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Inú rẹ̀ kún fún ọyún. Ó yè é, a dúpẹ́. Àwọn aláìsàn náà sì kọ́ ọgbọ́n ìfipamọ́: wọn a lo òògùn kí ara wọn lè tutù kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, wọn kò ní sọ pé Èkó ni àwọn ti ń bọ̀.

Nípa àbá yìí, ẹ wo irú wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gba àwọn ilé ìwòsàn aládàáni láti oṣù kẹta ọdún 2020, díẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ sì ń wáyé níbẹ̀. Bí ilé ìwòsàn ńlá bá gba àwọn tí àrùn mú, àwa lè máa fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ṣe ìpá àti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì san owó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà (Ọjọ́ Rú, 10:30 àárọ̀)

Dókítà Aládàáni, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á báyìí. Iṣẹ́ kékeré máa ń di ńlá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà kónílé-ó-gbélé, níbo ni ẹ ó ti rí ẹ̀jẹ̀? Mọ̀lẹ́bí ni ó ń fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ ní ìlú wa, mọ̀lẹ́bí kò sì lè jáde nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ tún dá ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ dúró láti oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù kẹfà ọdún 2020, tí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Òṣogbo kò fi lè wá fún àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá máa ṣe é, kí ìwé àdéhùn wà láàárín yín àti ilé ìwòsàn ńlá kan pé yóò gba aláìsàn yín ní òru, kí ọkọ̀ àti àṣẹ ìrìnnà rẹ̀ wà, kí a sì wo bí ẹ ṣe ń se ohun èlò yín kí ẹnikẹ́ni tó fi aláìsàn ránṣẹ́ sí yín.

Aládàáni_Challenge (Ọjọ́ Rú, 11:05 àárọ̀)

Mo gbà, Màmá. Ohun tí ẹ sọ tọ́, mo sì fara mọ́ gbogbo rẹ̀, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀.

Ará_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́bọ̀, 9:00 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan. Ìtọ̀ bàbá mi kò dá dáadáa, wọ́n ti fi rọ́bà sí i, wọ́n sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kókó ìtọ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó húkọ́, a ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní Kòrónà ni. Ara rẹ̀ ti yá. Àwọn ará ilé ní kí a má sọ, kí wọ́n má baà sún un síwájú. Kí ni kí n ṣe?

Akunilóorun (Ọjọ́bọ̀, 9:50 àárọ̀)

Ẹ sọ o, ẹ sì mú ìwé àbájáde náà dání. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2021, lórí aláìsàn 140,231 ní orílẹ̀-èdè 116, rí i pé ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi Kòrónà hàn lára rẹ̀ wà nínú ewu ikú tí ó pọ̀ ju ti ẹni tí kò ní in rí, àti pé láti ọ̀sẹ̀ méje lọ ni ewu náà ń padà sí bí ó ṣe yẹ, àyàfi bí ikọ́ tàbí èémí tí kò délẹ̀ bá ṣì ń ṣe é. Ìwádìí náà wáyé kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kárí, nítorí náà a kì í fi ọ̀sẹ̀ méje de gbogbo ènìyàn mọ́ lónìí. A ó wo ọjọ́ orí Bàbá, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn, àti bóyá wọ́n lè gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹ. Rọ́bà tí ó wà lára wọn yóò jẹ́ kí ìtọ̀ máa jáde ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi dúró, ẹ kàn rí i pé wọ́n ń pàrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó fún wọn. Bí ẹ bá fi pamọ́, èmi tí mo máa dúró níbi orí wọn ni kò ní mọ ohun tí mo ń bá jà.

Ará_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. N ó pe ilé ìwòsàn náà lónìí.

Abẹ_Onísùúrù (Ọjọ́ Ẹtì, 6:45 àárọ̀)

Mo ń kọ ohun tí a ti sọ níbí pọ̀ di ìwé tí n ó gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa dókítà: ìgbìmọ̀ tí Bàbá Òkè-Àdó dábàá, àdéhùn òru tí Nọ́ọ̀sì_Tíátà béèrè, ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi ara gbígbóná nìkan dá aláìsàn padà ní ẹnu géètì. Èyí tí mo fẹ́ fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pe àwọn tí a sún síwájú lọ, ní oṣooṣù, kí ó béèrè bí àìsàn wọn ṣe ń ṣe sí, kí ó sì fi tó dókítà wọn létí. Ọmọ_Ìṣẹ́yìn, ṣé ẹ gbà kí n fi ọ̀rọ̀ Màmá síbẹ̀, láì dárúkọ wọn?

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 àárọ̀)

Mo gbà, Dókítà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n gba nọ́ńbà ẹni méjì sílẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Fóònù màmá mi bàjẹ́ láàárín ìsémọ́lé yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì kọ sínú fáìlì.